Dróònù jábọ́, dróònù sọnù: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń wa dróònù fún ìgbádùn

Ìdáhùn wọ̀nyí wà fún ẹni tó ní dróònù kékeré oníkámẹ́rà tó ṣeé ká pọ̀ sínú báàgì, irú DJI Mini, tó sì ń wà á nígboro tàbí lóko ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìbéèrè kan wà nísàlẹ̀ fún àwọn tó ń wa FPV, ìyẹn dróònù eré tí ẹni tó ń wà á máa ń fi ìgò ojú wo ohun tí kámẹ́rà rẹ̀ ń rí. Ọ̀pọ̀ dróònù tó sọnù, orí ilẹ̀ ló ti sọnù: kò tíì mọ ibi tó ti gbéra tí ẹni tó ni ín fi tì í sókè, tàbí gíga tí wọ́n ní kó máa gbà bọ̀ wálé kò tó ti igi àgbọn tó wà lójú ọ̀nà. Ti ìyókù, wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìjábọ́ ló máa ń pinnu bóyá ẹ ó tún rí i.

Mo fẹ́ ra èyí àkọ́kọ́. Èwo ló dáa?

Mini 4K tàbí Mini 3 tó fún ẹni tó ń kọ́ ọ. Méjèèjì kò tó 250 gíráàmù, wọ́n ní GPS, wọ́n sì lè dúró sójú kan lókè fúnra wọn. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ nìkan ni sẹ́ńsọ̀ wọn ń wò: bí ẹ bá darí wọn sí ògiri, wọ́n á lọ gbá a. Mini 4 Pro ń wo gbogbo àyíká rẹ̀, àmọ́ owó rẹ̀ ga, òun náà kì í sì í sábà rí wáyà tín-ín-rín. Àwọn olówó pọ́ọ́kú tí kò ní GPS, inú pálọ̀ ni kí ẹ ti fi wọ́n ṣeré. Tí wọ́n bá ti dé ìta, atẹ́gùn ló ni wọ́n.

Owó tó bá kù lẹ́yìn èyí, ẹ fi ra bátìrì méjì sí i, àti abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lórí motor, páálí méjì, pẹ̀lú síkúrù tuntun. Ohun yòókù lè dúró ná.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mú un bọ̀ láti London. Ṣé kò ní sí wàhálà?

Wàhálà wà bí kò bá sí ìwé. Kí dróònù tó wọ Nàìjíríà, ó yẹ kí ẹ ti gba End User Certificate lọ́dọ̀ ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ètò ààbò orílẹ̀-èdè. Bí kọ́sítọ̀ọ̀mù bá bá a nínú ẹrù láìsí ìwé yìí, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé e. NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, ló wá ni àṣẹ lórí fífò rẹ̀ lójú òfurufú. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi “kò tó 250 gíráàmù” tù yín nínú. Òfin Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ni ìwọ̀n yẹn ti ṣe pàtàkì, kò yọ yín kúrò nínú ọ̀rọ̀ ONSA.

Bátìrì kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí abẹ́ ọkọ̀ òfurufú. Báàgì ọwọ́ ni kó wà, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù bo ẹnu irin rẹ̀, kí ẹ sì di ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀. Bátìrì Mini kò tó 30 Wh, bẹ́ẹ̀ 100 Wh ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń gbà láìsí àṣẹ pàtàkì, nítorí náà iye agbára rẹ̀ kì í dá ìjà sílẹ̀.

Àwọn tó bá fẹ́ wà á lọ́hùn-ún: ní Britain, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ẹni tó bá ń wa dróònù tó tó 100 gíráàmù gbọ́dọ̀ ní Flyer ID. Bí ó bá ní kámẹ́rà, ẹni tó ni ín yóò gba Operator ID pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò TRUST jẹ́ dandan fún ẹni tó ń wà á fún ìgbádùn, ọ̀fẹ́ sì ni. Èyí tó bá tó 250 gíráàmù, ẹ ó forúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ FAA, àjọ ọkọ̀ òfurufú wọn, ní dọ́là 5 fún ọdún 3.

Áàpù tí mo fi ń wa dróònù kò dí mi lọ́wọ́ níbi tí mo wà. Ṣé ó túmọ̀ sí pé mo lè gbé e fò níbẹ̀?

Rárá o. DJI, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Mini, fúnra rẹ̀ ti mú ìdènà yẹn kúrò ní Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìkìlọ̀ nìkan ló ń fún èèyàn níbẹ̀ báyìí. Áàpù kì í ṣe ìjọba. Ẹ jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ti Alákíà n'Íbàdàn, àti ti Ìpèrù. Ẹ jìnnà sí bárékè, ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ilé gómìnà. Ẹ̀yin tó bá ń rìnrìn àjò lọ sí àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ẹ fi í sílẹ̀ nílé: àwọn ọmọ ogun ti fòfin de dróònù níbẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2025. Ní ti gíga, ẹ má kọjá mítà 120 láti ilẹ̀, kí ojú yín sì máa rí i ní gbogbo ìgbà.

Kí ni kí n yẹ̀ wò kó tó gbéra?

Ẹ yọ ìbòrí kámẹ́rà kí ẹ tó tan án. Gimbal, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó gbé kámẹ́rà dúró, máa ń bá ìbòrí yẹn jà ni, ó sì lè jóná. Ẹ ti bátìrì wọlé títí ẹ ó fi gbọ́ tó dún “ká” lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bátìrì tó wọlé lápá kan máa ń yọ lókè bí dróònù bá ṣe ń gbọ̀n, kò sì sí ohun tó lè gbà á sílẹ̀ nígbà náà.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná tọ etí abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti ha èékánná, ó ti sán. Ẹ pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀ méjèèjì tó wà lórí motor yẹn pa pọ̀, nítorí ìwọ̀n tuntun àti ti ògbólógbòó kì í dọ́gba, fídíò á sì máa gbọ̀n. Ẹ wo àmì ara wọn dáadáa: abẹ̀bẹ̀ tó ní àmì ń lọ sí apá tó ní àmì, èyí tí kò ní ń lọ sí apá tí kò ní. Bí ẹ bá ṣe é lódì, dróònù á yí dànù kó tó ga ju orúnkún lọ. Síkúrù tí ẹ bá ti tú, ẹ má dá a padà, òróró líle tó ń jẹ́ kó dì mú ti tán lára rẹ̀.

Kó tó gbéra, ó yẹ kí sátẹ́láìtì GPS tó 10, kí áàpù sì ti sọ pé òun ti fi home point pamọ́, ìyẹn ibi tí dróònù máa padà sí. Ẹ wo máàpù, ṣé ibi tí ẹ dúró sí gan-an ni àmì náà wà? Ẹ gbé e sókè mítà 2, kó dúró níbẹ̀ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Bí ó bá ń yọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí tó ń dún lọ́nà tí kì í gbà dún, ẹ gbé e balẹ̀.

Mítà mélòó ni kí n yàn fún RTH, ìyẹn pípadà wálé fúnra rẹ̀?

Nígbà tí síginà bá já tàbí tí bátìrì bá ń tán lọ, dróònù máa gòkè dé gíga tí ẹ yàn, á sì fi ọ̀nà tó tọ́ tààrà padà. Nítorí náà, ohun tó ga jù láàárín yín ni ẹ fi 20 mítà lé. Igi àgbọn lè tó 30 mítà, nítorí náà 50 mítà dáa lábúlé. Nígboro, 70 tàbí 80 ló bọ́gbọ́n mu. Òpó MTN tàbí Airtel tó bá wà lójú ọ̀nà ló ń da gbogbo ìṣirò yìí rú, torí pé àwọn òpó kan ga ju 60 mítà lọ, okùn irin tó fà wọ́n dúró kò sì hàn nínú kámẹ́rà. Níbi tí òpó bá wà, ẹ sún ibi tí ẹ ti ń gbé e fò kúrò, kí òpó náà má baà wà láàárín yín.

Ẹ yan gíga yìí ní ibi tuntun kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ yàn fún pápá bọ́ọ̀lù ní Ṣakí kò ní ṣiṣẹ́ ní Marina.

Ó ń sọ pé kọ́ńpáàsì ní ìṣòro, ó sì ń sá lọ.

Irin ló fà á lọ́pọ̀ ìgbà. Dẹ́kìnì ilé kún fún irin róòdù, òrùlé páànù ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ náà kò sì yàtọ̀. Ẹ gbé e lọ sórí iyẹ̀pẹ̀ tàbí koríko tó jìnnà sí ọkọ̀ ní mítà 10, kí ẹ tó ṣe calibration, ìyẹn títún un tò. Ẹ bọ́ aago irin ọwọ́ yín.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lókè, tí GPS lọ, dróònù kò ní dúró fúnra rẹ̀ mọ́, atẹ́gùn á máa gbé e. Ẹ má pariwo, ẹ má sì tẹ gbogbo nǹkan. Ẹ fi stick, ọ̀pá kékeré orí rìmóòtù, darí rẹ̀ lòdì sí ibi tó ń lọ, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ibi tó ṣófo.

Àwọn tó ń tà á ní ìṣẹ́jú 31 sí 38 ni bátìrì ń lò. Kí ló dé tí tèmi kò pé bẹ́ẹ̀?

Ibi tí atẹ́gùn kò sí, pẹ̀lú bátìrì tuntun, ni wọ́n ti wọn ìyẹn títí bátìrì fi tán. Ẹ ka ìṣẹ́jú 20 sí 25 sí tiyín. Nígbà tó bá ku 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ó yẹ kó ti wà lórí yín. Bí bátìrì bá wọ ìwọ̀n tó léwu, dróònù á bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ fúnra rẹ̀ níbikíbi tó bá wà, ìbáà jẹ́ orí omi. Ẹ ṣì lè darí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lákòókò yẹn. Ẹ ti stick gíga, èyí tó ń mú un gòkè sọ̀kalẹ̀, sókè láti dẹ ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi stick kejì gbé e kúrò lórí omi tàbí òpópónà.

Ooru ló ń pa bátìrì jù ní ilẹ̀ wa. Láàárín 5 sí 40 °C ló yẹ kí ẹ ṣáájì rẹ̀. Bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́sàn-án. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń lọ sókè sódò kò dáa fún ṣájà, ẹ gbà á látara ínfátà. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní bíi 60 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tó bá ti wú, kódà díẹ̀, ẹ má ṣáájì rẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e sínú garawa iyẹ̀pẹ̀ níta, ẹ má sọ ọ́ sínú ààtàn tí wọ́n ń dáná sun.

Atẹ́gùn ń gbé e lọ, kò lè bọ̀.

Àwọn Mini lè kojú atẹ́gùn tó tó 10.7 mítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, atẹ́gùn tó sì wà ní mítà 100 le ju èyí tí ẹ ń rí lára ewé ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ fagi lé RTH, torí kì í lo agbára rẹ̀ tó. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, bíi mítà 30 bí kò bá sí igi, ẹ yí i sí Sport, ìlò tó ń mú un sáré jù, kí ẹ sì darí rẹ̀ bọ̀. Ẹ rántí pé ní Sport, sẹ́ńsọ̀ kì í dá a dúró mọ́. Kí ẹ tó gbéra lọ́jọ́ mìíràn, ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wà á lọ, kí àbọ̀ lè rọrùn. Ẹ̀fúùfù iwájú òjò tó ṣú, ẹ má dán an wò rárá, dróònù wọ̀nyí kò gbà omi.

Àwòdì ń kọlù ú!

Ẹ gbé e gòkè kíákíá. Láti òkè ni àwòdì ti ń já lu nǹkan, kì í yára gòkè bíi ti dróònù. Lẹ́yìn náà ẹ kúrò ní àdúgbò yẹn, nítorí ìtẹ́ rẹ̀ lè wà nítòsí.

Wọ́n fẹ́ kí n fi í ya fídíò òde àríyá.

Ẹ má kọjá lórí àwọn èèyàn. Ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe rí lọ: okùn kánópì, bàlúùn tí wọ́n so mọ́ igi, owó tí wọ́n ń ná, irin spíkà tó ń da kọ́ńpáàsì rú. Ẹ dúró lẹ́yìn kánópì, kí ẹ yà á láti ẹ̀gbẹ́, ní nǹkan bíi mítà 15 sókè. Abẹ̀bẹ̀ kékeré lè fa ojú ọmọdé ya.

Mi ò rí i mọ́, síginà sì ti já. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má pa rìmóòtù, ẹ má sì pa áàpù. Ẹ dúró ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kí ẹ wo òkè. Bí home point àti gíga bá tọ̀nà, ó lè máa bọ̀.

Bí kò bá bọ̀, ẹ ya àwòrán ojú fóònù tó fi ibi tó wà kẹ́yìn, gíga, ìyára àti ìhà tó kọjú sí hàn. Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí Profile nínú DJI Fly, áàpù dróònù náà, kí ẹ tẹ Find My Drone. Ó máa fi ibi tó ti dákẹ́ hàn lórí máàpù. Ẹ kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sórí ìwé, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sínú Google Maps, nítorí fóònù tí bátìrì rẹ̀ tán kò wúlò nínú oko.

Àmì orí máàpù kì í ṣe ibi tó balẹ̀ sí dandan, ibi tí ìròyìn ti parí ni. Bí ó bá wà ní mítà 60 sókè tó sì ń sáré ní mítà 10 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó lè bọ́ sílẹ̀ ní mítà 30 sí 40 níwájú àmì náà. Bí igi gbá a mú tàbí tó balẹ̀ fúnra rẹ̀, abẹ́ àmì gan-an ló máa wà. Ẹ tún wo fídíò tó wà nínú fóònù. Àwòrán ìparí rẹ̀ lè fi ẹ̀ka ọ̀pẹ tàbí páànù pupa kan hàn, ìyẹn sì ń fi wákàtí kan tí ẹ ò bá fi rìn pamọ́.

Ẹ gbé rìmóòtù lọ́wọ́, kó kọjú sí ibẹ̀. Tí síginà bá padà, ẹ tẹ ìlò tó ń mú kí dróònù máa dún, kí iná rẹ̀ sì máa ṣẹ́jú. Bátìrì ṣì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ kí ìyẹn tó ṣiṣẹ́, ó sì ń tán lọ, nítorí náà ìyára ṣe pàtàkì. Nínú oko ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo, kí èèyàn méjì rìn ní ìlà tó jìnnà síra ní mítà 2, kí ẹnì kan dúró lójú ọ̀nà kí ẹ má baà sọnù sí ara yín. Ẹ wọ bàtà gíga nítorí ejò. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ lọ ìgbà kan sí i. Iná tó ń ṣẹ́jú máa ń hàn láti ọ̀nà jíjìn ní òru.

Bí ó bá bọ́ sí àgbàlá ẹlòmíì, ẹ má fo fẹ́ńsì. Ariwo olè rọrùn láti pa. Ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ kí àwọn àgbà ilé, ẹ fi rìmóòtù hàn wọ́n, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n wo fídíò náà bí wọ́n bá bèèrè.

Ó há sórí igi. Ó há sórí wáyà ńkọ́?

Lórí igi, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti pa motor: ẹ fa stick gíga sísàlẹ̀ kó sì dúró síbẹ̀. Motor tó ṣì ń ti abẹ̀bẹ̀ tó há máa jóná. Ẹ so okùn ìpẹja mọ́ ohun wíwúwo kékeré, ẹ sọ ọ́ kọjá ẹ̀ka náà, kí ẹ sì mì í. Kí ẹni méjì na aṣọ tàbí ìbùsùn fẹ́lẹ́ sábẹ́. Oparun gígùn náà dáa, òkúta kò dáa rárá.

Lórí wáyà NEPA, ẹ fi í sílẹ̀. Oparun tútù máa ń gbé iná wá bá èèyàn. Ẹ ké sí ilé iṣẹ́ iná kí wọ́n wá pa iná ọ̀hún, bí ó tilẹ̀ gba ọjọ́ mélòó kan.

Ó bọ́ sínú omi.

Bí ẹ bá ti fà á jáde, ẹ yọ bátìrì lójú ẹsẹ̀, ẹ má dán an wò. Iná tó wà nínú rẹ̀ ló ń jẹ àwọn irin kéékèèké, omi iyọ̀ sì ń yára ṣe é. Tó bá jẹ́ omi adágún bíi ti Ẹlẹ́yẹlé, ẹ gbọn omi kúrò, kí ẹ yọ mẹ́mórì káàdì, kí ẹ fi í síwájú fáànù fún ọjọ́ 2 sí 3. Tó bá jẹ́ ọ̀sà tàbí òkun, ẹ fi distilled water ṣan án dáadáa kí iyọ̀ lè kúrò, lẹ́yìn náà ẹ fi isopropyl alcohol tó tó 90 nínú ọgọ́rùn-ún ṣan ojú bọ́ọ̀dù. Ẹ ṣọ́ra lọ́wọ́ ẹni tó ń ta omi bátìrì ọkọ̀: ásíìdì àti distilled water lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí àtẹ kan náà. Ìrẹsì kò wúlò, eruku rẹ̀ ló kàn ń wọ inú motor.

Bátìrì tó bá ti wọ omi iyọ̀, ẹ má lò ó mọ́, kódà bó bá tan. Ó lè gbiná lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Mo rí i. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó ṣì dáa?

Ẹ wo bátìrì kọ́kọ́: tó bá wú, tó bá sán, tàbí tó bá rùn bí òróró ìpara èékánná, kò sí àríyànjiyàn, ó ti parí. Lẹ́yìn náà ẹ pààrọ̀ gbogbo abẹ̀bẹ̀, ẹ má yàn nínú wọn. Ẹ fi ìka yí motor kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá ń ha tàbí tó ń dá dúró lọ́nà kan ti tẹ̀. Ẹ wo oríkèé apá níbi tí wọ́n ti ń ká, ibẹ̀ ló sábà ń sán nínú Mini.

Kámẹ́rà tó ń sọ pé gimbal overload, ẹ wò ó bóyá iyanrìn tàbí irun koríko há sí i, tàbí bóyá rọ́bà kéékèèké tó gbé e dúró ti já. Bí wáyà pẹlẹbẹ rẹ̀ ti ya, iṣẹ́ oníṣẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ fi í sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú kí ẹ ṣe IMU calibration, ìyẹn títún sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ìtẹ̀sí rẹ̀ tò. Ẹ gbé e sókè mítà 2 lórí koríko, ìṣẹ́jú 2, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ fọwọ́ kan motor mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ ló ń ṣàìsàn.

FPV ni mo ń wà. Ṣé nǹkan kan yàtọ̀?

Púpọ̀. Fún èyí tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 5-inch, tó ń lo bátìrì onísẹ́ẹ̀lì mẹ́fà (6S) 1300 mAh, ìjábọ́ jẹ́ ohun ojoojúmọ́. Ẹ fi buzzer (ohun tó ń dún) tó ní bátìrì tirẹ̀ sí i, nítorí bátìrì ńlá sábà máa ń fò kúrò lára rẹ̀ nígbà tó bá jábọ́, buzzer lásán tí Betaflight (sọ́fítíwíà dróònù náà) ń darí kò sì ní dún mọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ fi GPS sí i bí ẹ bá ń lọ jìnnà. DVR ojú goggles, ìyẹn fídíò tí ìgò ojú náà gbà sílẹ̀, ni ẹ̀rí tó dáa jù: ẹ dá ìṣẹ́jú-àáyá tó kẹ́yìn dúró kí ẹ wo igi tó wà lójú.

Bí ó bá dojú bolẹ̀, turtle mode (ìlò tó ń lo motor láti dojú rẹ̀ sókè) lè yí i padà, ṣùgbọ́n bí koríko bá ti di abẹ̀bẹ̀, ẹ lọ gbé e. Títì í ní túláàsì ló ń sun ESC, pátákó tó ń fún motor níná. Kí ẹ tó tún so bátìrì lẹ́yìn ìjábọ́ líle, ẹ lo smoke stopper, ohun tó ń dá iná dúró bí wáyà bá kan ara wọn, láàárín XT60 tó jẹ́ ẹnu bátìrì, ẹ sì rí i pé eriali VTX, ẹ̀rọ tó ń fi fídíò ránṣẹ́, wà níbẹ̀. VTX tí kò ní eriali ń jóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ balẹ̀ ní 3.5 V fún sẹ́ẹ̀lì kan, ẹ sì fi í pamọ́ ní 3.8 V.

Mo fẹ́ ra ògbólógbòó ní Computer Village.

Ẹ jẹ́ kó fò níwájú yín, ní ibi tó bófin mu, kí ó dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ wo bátìrì, iye ìgbà tí wọ́n ti ṣáájì rẹ̀ wà nínú áàpù. Ẹ wo síkúrù ara rẹ̀: èyí tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ ti rí oníṣẹ́ rí. Kí ẹ tó san owó, kí ẹni tó ń tà á wọ àkáǹtì rẹ̀ níwájú yín, kó lọ sí About, kó sì yọ dróònù náà kúrò nínú àkáǹtì ara rẹ̀. Bí ó bá ní òun ti gbàgbé password, ẹ kó owó yín padà.